Jẹ́sì Ojú Eré: Ohun Tó Ń Sọ Aṣọ Àlàágùn Di Olówó Gọbọi

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé gbàǹjo Sotheby's ta jẹ́sì aláwọ̀ búlúù kan ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn. Jẹ́sì tí Diego Maradona wọ̀ ni, lọ́jọ́ tí Ajẹntínà na Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1986, ọjọ́ tó fi ọwọ́ ti bọ́ọ̀lù wọlé tí rẹfirí kò sì rí i. Lọ́dún 2022 yẹn náà, ẹnìkan san nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.45 dọ́là lórí jẹ́sì tí Wayne Gretzky, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbáhọ́kì, wọ̀ kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ Edmonton Oilers ní 1988.

Bí irú ìròyìn báyìí bá ti balẹ̀, ìbéèrè méjì ló máa ń gba ẹnu wa kan ní Àkúrẹ́. Kí ló wà lára aṣọ tí ẹlòmíì ti làágùn sí tó fi tó owó ilé? Àti pé, àwọn jẹ́sì tó kún orí òkìtì òkìríkà ní Ọjà Ọba, tí àwọn ọlọ́kadà fi ń gba ọyẹ́ lára lójú títì Àrákàlé ní ìdájí, ṣé kò lè jẹ́ pé irú rẹ̀ wà níbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kí ojú àti ọwọ́ òun dé lára aṣọ lè dá ara rẹ̀ lóhùn.

Jẹ́sì mẹ́rin tó jọra, tí iye wọn kò jọra

Àkọ́kọ́ ni jẹ́sì òǹwòran. Èyí ni wọ́n ń ṣe jáde lọ́pọ̀ yanturu fún àwa tí à ń wòran. Nígbà tí Nike ṣe jẹ́sì Super Eagles ti ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2018, mílíọ̀nù 3 ni wọ́n ní àwọn ènìyàn ti béèrè fún kí ọjà tó ṣí. Ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, orúkọ eléré tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn kò lè sọ ọ́ di aṣọ eléré náà.

Èkejì ni jẹ́sì tí wọ́n rán bíi ti eléré gan-an, aṣọ kan náà, ìrán kan náà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti tà á. Ó wọ́n ju ti òǹwòran lọ, kò sì sí ẹni tó wọ̀ ọ́ dé ojú pápá.

Ẹ̀kẹta ni jẹ́sì àpèsè. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe orúkọ àti nọ́mbà sí i, wọ́n sì gbé e kọ́ fún eléré náà nínú yàrá ìmúra, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ wọlé. Bóyá orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí títí eré fi parí, bóyá jẹ́sì ìpamọ́ ni tí wọn kò nílò.

Ẹ̀kẹrin ni jẹ́sì ojú eré, èyí tí eléré wọ̀ wọ pápá, tó sì fi gbá eré gan-an. Òun ni gbogbo owó yìí ń lé kiri.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ni àárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ lè bá jẹ́sì àpèsè wá, ìwọ̀n rẹ̀ lè bá ti eléré mu, gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí ó sì jẹ́ pé kò fojú kan pápá rí. Ẹni tó ń tà á a máa sọ pé “ti Lágbájá ni.” Bẹ́ẹ̀ ni, ti Lágbájá ni. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: eré wo ló wọ̀ ọ́ sí, ọjọ́ wo?

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé họ́kì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò ṣe àpẹẹrẹ?

Họ́kì tí àwọn ọmọ wa ń gbá lórí pápá kọ́ nìyí. Orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá èyí, bàtà tó ní abẹ irin lábẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan. Líìgì tó ga jù nínú rẹ̀ ni NHL, ẹgbẹ́ 32 láti Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Ohun tó mú jẹ́sì họ́kì yàtọ̀ ni pé eléré kì í wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó gbé e sọnù. Fún ọ̀pọ̀ sáà, eré 82 ni ẹgbẹ́ NHL kọ̀ọ̀kan ń gbá kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ jẹ́sì méjì pàtàkì ni wọ́n sì ń lò, ti ilé àti ti ìta. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n pín sáà sí mẹ́ta, kí wọ́n máa kó jẹ́sì tuntun jáde fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ṣírò rẹ̀, jẹ́sì kan lè rí eré bíi 13 tàbí 14. Láàárín àkókò yẹn, wọn yóò ti ta á mọ́ ògiri, rọ́bà yóò ti bà á, wọn yóò ti fà á ya, télọ̀ ẹgbẹ́ yóò sì ti rán an pa dà. Gbogbo àpá yìí ni ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kó jẹ́sì họ́kì jọ fi mọ àyẹ̀wò ṣe ju àwọn tó kù lọ, ọgbọ́n wọn sì wúlò fún jẹ́sì yòówù.

Owó náà, kí ni wọ́n ń san án fún?

Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n ń rà. Ẹ rò ó bí ilẹ̀ tí ènìyàn fẹ́ rà lójú ọ̀nà Ọ̀dà: irú ilẹ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan ní ìwé tó fi hàn láti ọ̀dọ̀ ẹbí tó ni ín títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ìkejì kò ní nǹkan kan ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ mọ èyí tí ẹ máa sanwó fún. Jẹ́sì náà nìyẹn. Ìdè tó so aṣọ kan mọ́ ara ènìyàn kan, ní ọjọ́ kan pàtó, ni owó wà fún. Bí ìdè náà bá ti já níbì kan, iye rẹ̀ já wálẹ̀.

Bí eré ọjọ́ náà bá tún wà nínú ìtàn, owó yóò fò sókè. Ní 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, Paul Henderson jẹ góòlù tí Kánádà fi borí Soviet Union ní Mọ́síkò. Ní 2010, wọ́n ta jẹ́sì tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 1 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí owó ńlá yìí kó yín lójú: jẹ́sì ojú eré ti agbáhọ́kì NHL tí kò lórúkọ púpọ̀ kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lọ.

Báwo la ṣe ń ka ara jẹ́sì họ́kì?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú, kì í ṣe láti ìta. Ẹ yí aṣọ náà sódì.

Lẹ́yìn, ní ìsàlẹ̀ lápá inú, ẹ wá okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n rán mọ́ ọn dáadáa, tó ní bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ra lẹ́nu. Eléré ń fi í de jẹ́sì mọ́ ṣòkòtò. Ìjà wọ́pọ̀ nínú họ́kì, ẹni tó bá sì fa jẹ́sì ọ̀tá rẹ̀ bò ó lórí ti fọ́ ọ lójú nìyẹn; òfin NHL ló ní kí wọ́n máa dè é. Ẹ̀rí yìí ń ṣiṣẹ́ sápá kan ṣoṣo: jẹ́sì NHL òde òní tí kò bá ní okùn yìí kò tíì dé ojú eré, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní in lè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, torí wọ́n ń rán an mọ́ àwọn èyí tó wọ́n náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn. Jẹ́sì òǹwòran a máa ní lẹ́tà ìwọ̀n, S, M, L, XL. Ti eléré a máa jẹ́ nọ́mbà bíi 54, 56, 58, ti aṣọ́lé sì sábà máa ń ní lẹ́tà G lẹ́yìn nọ́mbà, torí wọ́n fẹ̀ ẹ́ lápá àti láyà kí ohun ìdáàbòbò rẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é pẹ̀lú. Láti 2017 títí di 2024 tí Adidas fi ń ṣe jẹ́sì NHL, Indonéṣíà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé, ti àwọn eléré sì ń wá láti Saint-Hyacinthe ní Kánádà. Fanatics ló gba iṣẹ́ náà láti sáà 2024 sí 2025, ilé iṣẹ́ Saint-Hyacinthe yẹn ló sì ṣì ń rán ti eléré. Jẹ́sì NHL ti Adidas tó bá kọ Indonesia sí ọrùn kì í ṣe ti eléré, ohun yòówù tí ọlọ́jà ìbáà sọ.

Nọ́mbà àti orúkọ wá kàn. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n gé, ìpele méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ rán ní sígísáàgì. Nínú ẹgbẹ́ púpọ̀, orí àjákù aṣọ kan tó dá dúró ni wọ́n ń rán orúkọ sí kí wọ́n tó rán àjákù náà mọ́ ẹ̀yìn jẹ́sì. Láti inú, ẹ ó rí òwú náà kedere. Bí ẹ bá rí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó tò bí lẹ́tà mìíràn, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ tú orúkọ ẹnìkan kúrò tí wọ́n sì fún ẹlòmíì, èyí tí wọ́n ń ṣe lóòótọ́ nígbà tí jẹ́sì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré. Ó sì lè jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: oníjìbìtì ra jẹ́sì ojú eré ti eléré tí kò lórúkọ, ó tú orúkọ rẹ̀, ó rán ti ìlú-mọ̀-ọ́n-ká sí i. Aṣọ òótọ́, àpá òótọ́, orúkọ irọ́. Ayédèrú tó burú jù nìyí, torí gbogbo àyẹ̀wò tó ṣáájú ló máa yege.

Nígbà náà ni kí ẹ tó wo àwọn àpá. Rọ́bà dúdú àti téèpù ara ọ̀pá máa ń fi ìlà dúdú sílẹ̀ sí apá aṣọ, pàápàá láti ìgunpá sísàlẹ̀. Ògiri tó yí pápá ká máa ń họ èjìká àti ìgunpá: ooru ìfarakanra a yọ́ orí òwú, ẹ ó sì fọwọ́ kàn án bí ohun tó le ṣánṣán. Ti aṣọ́lé yàtọ̀, àyà àti apá ni rọ́bà ti ń bà á jù. Ibi tó ya tí wọ́n sì rán pa dà ni ìṣúra tó ju gbogbo wọn lọ. Ìrán télọ̀ ẹgbẹ́ kì í lẹ́wà. Ó yára ṣe é kí eléré lè pa dà sójú yìnyín, òwú rẹ̀ sì lè má bá àwọ̀ aṣọ mu rárá.

Oníjìbìtì mọ gbogbo èyí, ó sì lè fi rọ́bà fa aṣọ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń tú u fó ni ibi tó fà á sí. Àyà àti orí nọ́mbà ló máa ń sáré lọ, ibi tí ojú olùrà kọ́kọ́ ń bà, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì dọ́gba jákèjádò. Eré gidi kì í dọ́gba. Apá kan máa ń jìyà ju èkejì lọ, torí pé ọwọ́ kan ló sún mọ́ ẹnu ọ̀pá. Ẹ wádìí bóyá apá ọ̀tún tàbí apá òsì ni eléré yẹn ti ń gbá, kí ẹ wò ó bóyá àpá tẹ̀lé e.

Fọ́tò ni adájọ́

Àpá lára aṣọ fi hàn pé ẹnìkan wọ̀ ọ́. Ta ni, nígbà wo? Fọ́tò ló ń dá ìyẹn lóhùn.

Ẹ ya jẹ́sì náà ní ojúmọmọ, iwájú, ẹ̀yìn, apá méjèèjì, ní ìsúnmọ́ra. Ẹ wá ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò lè sí lára òmíràn: ibi tí wọ́n rán pa dà, òwú tó yọ, ibi tí etí nọ́mbà ti gé ìlà aláwọ̀. Bí aṣọ náà bá jẹ́ oníhò wẹ́wẹ́, ẹ ka àwọn ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun nọ́mbà; ọwọ́ ènìyàn ló gbé nọ́mbà lé aṣọ, kò sì lè gbé méjì lé ibì kan náà láìyẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fọ́tò eléré náà láti sáà yẹn, èyí tó mọ́ kedere tí ẹ lè fẹ̀ lójú, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ̀lé. Ohun tó jọra kò tó, bí ó bá jẹ́ ohun tó wà lára gbogbo jẹ́sì ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí kò bára mu, tí kò sì lè yí pa dà, tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n ti rán kì í rìn: bí ó bá fi ìka kan yẹ̀ sí ti inú fọ́tò, jẹ́sì mìíràn ni. Ìdọ̀tí ní tirẹ̀ lè má sí nínú fọ́tò torí pé wọn kò tíì kó o sí i lára lọ́jọ́ náà, tàbí torí pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n rán pa dà kì í lọ mọ́. Bí ìránpadà bá wà nínú fọ́tò oṣù Kejìlá tí kò sì sí lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé aṣọ náà sílẹ̀.

Jẹ́sì Maradona ni ẹ fi mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Kí gbàǹjo tó wáyé, ẹbí rẹ̀ ní kì í ṣe òun ni. Wọ́n ní èyí tó wọ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ eré ni, pé ó pààrọ̀ jẹ́sì ní ìsinmi, góòlù méjèèjì tó jẹ lọ́jọ́ náà sì bọ́ sí ìdajì kejì. Sotheby's jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fi àmì ẹgbẹ́, ìlà àti nọ́mbà ara rẹ̀ wé fọ́tò eré náà, wọ́n sì fi hàn pé ti ìdajì kejì ni. Ọwọ́ tí aṣọ náà gbà kọjá náà mọ́: Steve Hodge, agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá a pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí eré parí, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù ní Manchester fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ọjà.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́?

Ìwé tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kọ, tó dárúkọ eléré, sáà, ìpín tí jẹ́sì náà bọ́ sí, àti nọ́mbà tó wà lára àmì kékeré tí wọ́n rán sí ìsàlẹ̀ aṣọ, ni ìwé. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ bíi MeiGray máa ń gba jẹ́sì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tààrà, wọn a rán àmì onínọ́mbà sí i, wọn a sì tọ́jú àkọsílẹ̀ tí ẹ lè fi bi wọ́n léèrè. Ìwé tí ẹni tó ń tà á tẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti wù kí àmì tó ń dán ṣe pọ̀ tó lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀lù wa ńkọ́, níhìn-ín ní Àkúrẹ́?

Lójú tèmi, ibí ni ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Òǹdó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Sunshine Stars dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá CAF Champions League ní 2012, Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà wà láyé, ènìyàn lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Jẹ́sì ọdún yẹn, pẹ̀lú lẹ́tà tí agbábọ́ọ̀lù kọ lọ́wọ́ ara rẹ̀, níyì lójú mi ju jẹ́sì tí wọ́n ní ti Messi ni, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bí ó ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Fọ́tò eré líìgì wa kò pọ̀ bíi ti òkè òkun, nítorí náà ẹnu àti ìwé ló máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Bí bọ̀dá kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù bá gbà láti fún yín tàbí ta jẹ́sì fún yín, ẹ rọra bi wọ́n: eré wo ni, ọjọ́ wo, ìdajì wo, ṣé wọ́n pààrọ̀ jẹ́sì ní ìsinmi, níbo ló wà láti ìgbà náà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fídíò wọn pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́, kí nọ́mbà àti àmì ọrùn hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, kì í ṣe sí ara aṣọ. Yíǹkì máa ń ràn lára pọliẹ́sítà, ó sì lè bo àpá tó yẹ kí a fi dá aṣọ mọ̀.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan lórí òkìtì òkìríkà

Ẹ ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń bọ́ sínú béèlì ni jẹ́sì òǹwòran, tàbí ti ẹgbẹ́ àdúgbò tí àwọn òbí rán fún ọmọ. Jẹ́sì ẹgbẹ́ àdúgbò lè ní àpá rọ́bà gidi, nítorí wọ́n gbá họ́kì nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wá a ni. Ẹ wo ọrùn kíákíá. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ìwọ̀n, ẹ rà á fún òtútù, iye tó tọ́ sí òtútù ni kí ẹ sì san. Bí ó bá jẹ́ nọ́mbà, tí okùn wà lẹ́yìn, tí àmì sáà kékeré wà nísàlẹ̀, tí ìránpadà sì wà lápá, ẹ rà á láìpariwo, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ti eléré kan pàtó ni títí fọ́tò yóò fi jẹ́rìí.

Ẹ má fọ̀ ọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wa máa ń ṣe sí aṣọ òkìríkà ni kí a rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ àti Jik. Ẹ mú sùúrù. Omi yẹn máa kó àpá rọ́bà, ìdọ̀tí ògiri àti àmì òógùn lọ, Jik á sì sọ àwọ̀ nọ́mbà di yẹpẹrẹ. Bí òórùn rẹ̀ bá pọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí oòrùn má bà á.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá tó kù, pàápàá láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá tí òjò kì í fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ẹ má fi í sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa. Omi inú afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, èébu á sì hù. Àpótí tó mọ́, tó ní ihò díẹ̀, tí ẹ kó àpò kéékèèké tó ń fa omi sí nínú, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà, ló dára. Kánfọ̀ kò wúlò, nítorí kòkòrò tó ń jẹ aṣọ onírun kì í jẹ pọliẹ́sítà. Jẹ́sì họ́kì wúwo, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ dípò kí ẹ fi kọ́ sórí wáyà tín-ín-rín tó máa fa èjìká rẹ̀ ya. Ti bọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé ooru ni wọ́n fi lẹ nọ́mbà mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí ojú nọ́mbà kan ojú nọ́mbà nígbà tí ẹ bá ká a: ẹ fi bébà funfun tí wọn kò kọ nǹkan sí sáàárín, nítorí yíǹkì ìwé ìròyìn máa ń ràn, kí ẹ sì máa yí ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ pa dà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kí nọ́mbà má baà sán.